Mercedes Wa Ń Jẹrà Lábẹ́ Igi Máńgòrò, Ti Ẹlòmíì La Fẹ́ Lọ Rà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, a mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti pinnu láti ra mọ́tò fún Kábíyèsí, nítorí àjọ̀dún ogún ọdún tí wọ́n gorí oyè. Kì í ṣe mọ́tò tuntun. Mercedes 280 SE ti ọdún 1971 ni, dúdú, tí wọ́n ní àwọn òyìnbó kan ti tún ṣe láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé ló rí i. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo wa wò ó, gbogbo wa sì pariwo. Ẹ jẹ́ ká má parọ́, mọ́tò náà rẹwà. Igi inú rẹ̀ ń dán, awọ àga rẹ̀ pupa bí epo, irin iwájú rẹ̀ ń tàn débi pé ènìyàn lè fi wo ojú. Iye tí ẹni tó ń tà á ń béèrè ni 45 000 euro.

Ìgbìmọ̀ ti pín owó náà sórí wa. Ẹni tó wà lókè òkun yóò san 150 000 CFA. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nílé, 20 000. Àwọn ìyá ọlọ́jà, 5 000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa fẹnu kò lé e lórí. Kí ọjọ́ náà tó pé, a fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn wa: a ò fara mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò bá Kábíyèsí jà. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ogún ọdún lórí ìtẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ó yẹ kí ìlú ṣe é lẹ́yẹ. A ò sì kórìíra mọ́tò àtijọ́. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí, inú Peugeot 404 bâchée ni wọ́n kó wa sí lọ sí ilé ìwé nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwa àti ewúrẹ́ àti àpò gàrí. Títí di òní, bí a bá gbọ́ ìró 504 lójú ọ̀nà, a máa ń yíjú wò ó. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí a fi owó gbogbo ìlú ra ìtàn ẹlòmíì, kí a sì fi ìtàn tiwa sílẹ̀ kó máa jẹrà. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kọ iye náà sójú pátákó fún àwọn ọmọ CM2. Euro kan jẹ́ 655,957 CFA, bẹ́ẹ̀ ló sì wà láti ọdún 1999. A ní kí wọ́n wá iye tí 45 000 euro jẹ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n rí 29 518 065. Mílíọ̀nù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá nawọ́ sókè, ó ní: «Mẹ́tìrì, ṣé àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ó ti gbó?»

Ẹ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a ò rí èsì gidi kankan fún un lọ́jọ́ náà.

Owó yẹn sì jẹ́ ti mọ́tò nìkan, níbi tó dúró sí. Kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp. Kò tíì dé Kútọnú. Kò tíì bá àwọn aṣọ́bodè pàdé. Kò tíì gba carte grise, kò tíì san asuráǹsì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ẹni tó bá rò pé mílíọ̀nù 30 lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ààfin, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ti ta mọ́tò àlòkù rí ní Kútọnú.

Ọ̀rọ̀ kejì. Wọ́n ní «wọ́n ti tún un ṣe pátápátá». Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń tà á ló sọ bẹ́ẹ̀. A ò tíì rí ẹlòmíì tó sọ ọ́.

Nínú gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ fi hàn wá, fọ́tò mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Òde mọ́tò àti inú rẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kò sí ẹyọ kan tó fi abẹ́ rẹ̀ hàn. Kò sí èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣì tú u palẹ̀. Kò sí rìsíìtì ẹyọ kan. Ẹ̀yin ará, mọ́tò yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Irin ni, irin a sì máa dógùn-ún. Mercedes ìran yẹn kò ní férémù lọ́tọ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù; ara rẹ̀ gan-an ló gbé e ró. Bí ìpáàrà bá ti wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí ilẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ń ti jáàkì bọ̀, kì í ṣe ẹwà nìkan ló bàjẹ́, eegun ẹ̀yìn mọ́tò ló ti jẹrà. Bí ẹni tó fẹ́ tà á bá sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, yóò fi mastic dí i, yóò fọ́n ọ̀dà dúdú sí i, yóò sì ya fọ́tò mẹ́rìnlá.

Ọgbọ́n tí àwọn mẹkáníìkì fi ń mọ èyí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Irin òòfà kékeré ni, irú èyí tí ẹ lè yọ nínú rédíò tó ti bàjẹ́. Wọ́n á gbé e lé abẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Bó bá já bọ́, mastic ni. Ta ló ti gbé irin òòfà lé mọ́tò yìí? Kò sí. Ta ló ti wo nọ́ńbà châssis rẹ̀ bóyá ó bá ti carte grise mu? Kò sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Faransé gan-an, a bi wọ́n léèrè, wọn ò tíì débẹ̀ rí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí i, bí àwa náà.

Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ní tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àjọ kan tó ń jẹ́ FIVA, àjọ náà sì ní ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Charte de Turin. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a bá ṣe sára mọ́tò àtijọ́, kí a ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí a pààrọ̀ àti ohun tó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bí àwọn tó lówó bá ń béèrè ìwé kí wọ́n tó sanwó, kí ló dé tí àwa tí a ń kó 5 000, 5 000 jọ yóò fi sanwó lórí fọ́tò?

Ọ̀rọ̀ kẹta. Ká ní mọ́tò náà dára bí wọ́n ṣe wí, lẹ́yìn rírà ńkọ́? Ẹsáǹsì ni 280 SE ń mu. Pọ́ǹpù Bosch kan ló ń pín epo sí sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iṣẹ́ rẹ̀ sì gún régé bí iṣẹ́ aago ọwọ́. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ sọ òótọ́: irú epo wo ló wà nílùú wa? Bí pọ́ǹpù yẹn bá bàjẹ́, òkè òkun ló máa padà sí kó tó ṣiṣẹ́. Igi inú mọ́tò yóò wú lásìkò òjò, awọ àga yóò sán lásìkò ọyẹ́. Ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú lọ́dọọdún? A ka ìwé ìgbìmọ̀ láti òkè délẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ fún un níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ẹ ó rí i, yóò lọ jókòó lábẹ́ igi. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn tó ń gbèjà ọ̀rọ̀ yìí ti dá wa lóhùn. Wọ́n ní owó tí a fi ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í sọnù, pé iye rẹ̀ a máa lọ sókè ni. Wọ́n ní ṣé a ò gbọ́ pé Mercedes kan tà ní mílíọ̀nù 135 euro? A gbọ́. Ọdún 2022 ni. Ṣùgbọ́n 300 SLR Uhlenhaut nìyẹn, méjì péré ni wọ́n ṣe láyé. Ìran èyí tí a fẹ́ rà yìí, ó lé ní 300 000 tó jáde láti ilé iṣẹ́. Ẹ má fi góòlù wé bàbà. Ká tiẹ̀ wá ní iye rẹ̀ yóò gòkè lóòótọ́, ta ni yóò gbójú gbóyà ta mọ́tò Kábíyèsí? Ohun tí a kò lè tà, èrè wo ló wà lórí rẹ̀?

Wọ́n tún ní nítorí iyì ìlú ni. Wọ́n ní ká wo àwọn Nana Benz ní Lomé. Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ wọn. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn, aṣọ àǹkárá tó ń ti ilẹ̀ Holland wá ni wọ́n ń tà, wọ́n sì lówó débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn, orúkọ mọ́tò sì di orúkọ wọn. Nígbà náà, Ìjọba Togo gan-an máa ń yá mọ́tò lọ́wọ́ wọn bí àlejò pàtàkì bá dé. Ṣùgbọ́n ta ló gbé igbá owó kiri ìlú fún wọn? Kò sí. Ìsọ̀ wọn ló ra mọ́tò, mọ́tò kọ́ ló ra ìsọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gé owó CFA sí méjì ní oṣù kìíní ọdún 1994, ohun tí à ń rà láti ilẹ̀ Faransé di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, òwò ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà sì rẹ̀yìn. Bí nǹkan bá le fún àwọn tó fi òógùn ara wọn ra mọ́tò, báwo ni yóò ti rí fún ìlú tó fi ìtọrọ rà á? Ẹ wá ń fi orúkọ ìyá ọlọ́jà gba 5 000 lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Wọ́n tún ní: «Owó wa ni, kí ló kàn yín?» Bó bá jẹ́ owó yín nìkan ni, a ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mọ́tò àtijọ́ wálé, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kó gbé wa yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn ìyá tó ń ta gàrí, ọ̀rọ̀ ti di ti ìlú nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá san kọ́bọ̀ ló lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti abẹ́ igi máńgòrò.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ààfin, lápá ibi ìdáná. Mercedes 200 D, ọdún 1974. Bàbá tó ṣáájú Kábíyèsí lórí ìtẹ́ ló ni ín, owó oko ọ̀pẹ wọn ni wọ́n sì fi rà á. Ìgbà tí kò sí mọ́tò mẹ́ta nílùú wa, òun ló ń gbé aláìsàn, òun ló ń gbé òkú, òun ló ń gbé ìyàwó. Ẹnì kan wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbowó yìí, a ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà mọ ara rẹ̀: inú mọ́tò yẹn ni wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí wọ́n bí i. Láti ìgbà tí bàbá ti wàjà ló ti wà lábẹ́ igi. Adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé ń gun orí rẹ̀ já máńgòrò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a gba àṣẹ láàfin, a sì mú bàbá mẹkáníìkì kan lọ wò ó. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́mọdé, lásìkò tí ilé iṣẹ́ Peugeot ibẹ̀ ń to 504, kí Nàìjíríà tó lé àwọn àlejò jáde ní ọdún 1983 tó sì padà wálé. Ó sùn sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò fún wákàtí kan gbáko. Ó gbé irin òòfà kiri ara rẹ̀. Ó ń fi òòlù kékeré kàn án, ó ń tẹ́tí. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní: «Ẹ̀ńjìnnì yìí ò kú, ó sùn ni. Abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ti lọ, ilẹ̀ apá ọ̀tún ti lu. Àmọ́ eegun rẹ̀ ṣì le. Ta ló sọ pé ẹ fẹ́ ra òmíì?»

A ní kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ohun èlò tí a ó rà láti Jámánì, níbi tí Mercedes ti ní ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀ fún mọ́tò àtijọ́ ní Fellbach, 3 500 000. Irin ara rẹ̀ àti ọ̀dà, 1 800 000. Àga àti igi inú, 700 000. Irin dídán iwájú àti ẹ̀yìn, 500 000. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, 25 000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́wàá, 1 500 000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8 000 000. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó mọ́tò tó wà ní Faransé, gasoil ló sì ń mu, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ irú ẹ̀ńjìnnì yẹn dáadáa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bàbá yìí ní ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá nígbà kan rí. Méjì ló kù. Nàìjíríà ní kí mọ́tò má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2017. Wọ́n tún ti ibodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Òwò mọ́tò Kútọnú rọ, iṣẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ bàbá náà rọ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kọ́ ní CM2, orí zémìjàn la ti ń rí wọn. Àwọn kan ti lọ, a ò gbúròó wọn. Bí bàbá yìí bá kú lọ́la, ìmọ̀ ogójì ọdún yóò bá a wọ ilẹ̀. Àwa wá fẹ́ lọ san mílíọ̀nù 29 àti ààbọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíì. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì.

A ò sọ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í ṣe màgòmágó. Wọ́n ń ṣe é. Ẹnì kan nínú wa gbé mọ́tò rẹ̀ fún ẹni tó ń kùn ún, ẹni náà kun ọ̀dà lé ìpáàrà lórí, oṣù mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ bó sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Nítorí náà, ohun tí a bèèrè lọ́wọ́ òyìnbó la ó bèèrè lọ́wọ́ tiwa: ìwé àdéhùn, rìsíìtì gbogbo ohun tí wọ́n bá rà, fọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí ojú ewé yìí kí gbogbo wa lè rí i, owó ní ẹẹ́mẹ́rin, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kí ìyá ọlọ́jà kan wà lára àwọn mẹ́ta tí yóò máa bojú tó o.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ dá owó gbígbà dúró. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Kí àwọn tó wà lókè òkun àti àwa òṣìṣẹ́ ìjọba dá mílíọ̀nù mẹ́jọ náà, kí a sì gbé 200 D bàbá jáde lábẹ́ igi kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù, kó wà nínú àpò olúkúlùkù. A ò ní kí ẹ fi kọ́ kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé wa ń jò. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, àwa ò ní san 20 000 wa. A ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ̀yìn la ti ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà, ọjọ́ kejì la ó mú tiwa wá.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọjọ́ àjọ̀dún, ìlù ń dún, Kábíyèsí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ẹni tó jẹ ṣáájú wọn. Àwọn àgbà dá a mọ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ dá a mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn ọmọ mẹ́fà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ló tún un ṣe. Bí ọmọbìnrin ọjọ́sí bá tún bi wá pé ṣé a mọ̀ pé ó ti gbó, a ó ní èsì fún un: a mọ̀, àwa la ni ín.

A ti sọ tiwa. Ẹni tó bá rí i bíi tiwa, kó wá lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, kóun náà wá, ká sọ ọ́ lójúkojú. Ìlú wa á dára o.